Ìlú méjì, báálù kan: bí ẹ ṣe máa ṣírò bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti iye wákàtí tí ìrìn-àjò máa gbà

Ká ní oṣù Kejìlá ni. Báálù gbéra ní Tokyo ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, ó fo nǹkan bí 8,800 kìlómítà, ó sì balẹ̀ sí Los Angeles ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan náà. Tí ẹ bá wo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lásán, ẹ ó sọ pé ó dé kó tó gbéra.

Kò sí idán níbẹ̀. Ohun tó ń ru èèyàn lójú ni pé ìbéèrè tí a rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan, mẹ́rin ni. Báwo ni ilẹ̀ ibi méjèèjì ṣe jìn síra tó? Ọ̀nà wo ni báálù máa gbà gan-an? Wákàtí mélòó ló máa lò? Èmi tí mò ń rìnrìn àjò ńkọ́, wákàtí mélòó ni màá lò láti ilé dé ibi tí mò ń lọ? Ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ni báálù kejì máa ń já sílẹ̀, òun náà ló sì máa ń ní kí wọ́n wá pàdé òun ní pápákọ̀ lọ́jọ́ tí òun ò tíì dé.

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ò ju ohun tí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù lè ṣe lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ pápákọ̀ tí ẹ ń sọ

Báálù kì í balẹ̀ sí ìlú. Pápákọ̀ ló ń balẹ̀ sí, ìlú ńlá sì lè ní bíi márùn-ún. London nìkan ní Heathrow, Gatwick, Stansted, Luton, London City àti Southend. Tokyo ní Haneda, tó wà létí omi nínú ìlú níbẹ̀, ó sì ní Narita, tó fi nǹkan bí 60 kìlómítà jìnnà sí àárín ìlú. Ẹni tó bá ṣírò dé “Tokyo” láìsọ èwo, bíi wákàtí kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́ta tí IATA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lágbàáyé, fi ń dá a mọ̀: LHR ni Heathrow, JFK ni ti New York tí wọ́n fi orúkọ Kennedy sọ, HND ni Haneda, NRT ni Narita. Lẹ́tà mẹ́ta yìí ni kí ẹ máa tẹ̀ síbi tí ẹ bá ti ń wá nǹkan. Ìlú tó ń jórúkọ kan náà pọ̀ láyé. Sydney wà ní Ọsirélíà, SYD ni tirẹ̀. Sydney mìíràn wà ní Nova Scotia ní Kánádà, YQY nìyẹn. Àwọn kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ti kejì nígbà tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, wọ́n sì wọ báálù lọ. San José ti Costa Rica ni SJO, San Jose ti California ni SJC. Lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: jíjìn orí ilẹ̀

Àwòrán ayé tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ògiri ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tí ẹ bá fi rúlà fa ìlà láti London dé Los Angeles lórí rẹ̀, ìlà náà á la àárín òkun Àtìláńtíìkì kọjá, á sì gba ìlà-oòrùn wọ Amẹ́ríkà. Báálù kì í gba ibẹ̀. Ńṣe ló ń gòkè sí àríwá, ó ń gba orí Greenland, ó ń wọ Kánádà, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ń wo àwòrán ọ̀nà lójú ẹ̀rọ tó wà níwájú ìjókòó lè rò pé awakọ̀ ti ṣìnà.

Kò ṣìnà. Ayé rí roboto, ìlà tó tọ́ lórí bébà kì í sì í ṣe èyí tó kúrú jù lórí ohun tó rí roboto. Ẹ wá àwòrán ayé tó dà bíi bọ́ọ̀lù, ẹ mú òwú, ẹ fà á le dáadáa láàárín ìlú méjèèjì. Ibi tí òwú bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Great circle ni àwọn onímọ̀ ń pè é, torí pé tí ẹ bá fa ìlà náà lọ títí tó fi yí ayé po, yóò pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Òun ni gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣírò jíjìn báálù ń lò.

Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ lọ sí ìkànnì Great Circle Mapper, kí ẹ tẹ LHR-JFK, kí ẹ sì ka ohun tó bá gbé jáde. Google Earth náà ní rúlà tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ìyẹn bá tó lè fo ìṣirò tó kàn yìí. Èmi fẹ́ràn kí n mọ ibi tí nọ́ńbà ti ń wá, torí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà tí kò tọ́ kì í pẹ́ hàn sí i.

Ohun tí ẹ nílò ni látítíúdù àti lọ́ńgítíúdù pápákọ̀ méjèèjì. Látítíúdù ń sọ bí ibì kan ṣe jìn tó sí àríwá tàbí gúúsù ìlà agbedeméjì ayé. Lọ́ńgítíúdù ń sọ bó ṣe jìn tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ìlà tó gba Greenwich kọjá. Àríwá àti ìlà-oòrùn kì í gba àmì kankan. Gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn máa ń gba àmì àyọkúrò níwájú. Heathrow wà ní 51.47 àti −0.45. JFK wà ní 40.64 àti −73.78.

Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò tó ní sin àti cos. Ẹ wá sin látítíúdù méjèèjì, 0.7823 àti 0.6513, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ síra wọn: 0.5095. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá cos látítíúdù méjèèjì, 0.6229 àti 0.7588. Ẹ wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín lọ́ńgítíúdù méjèèjì, 73.33, kí ẹ sì wá cos rẹ̀, 0.2869. Ẹ sọ àwọn mẹ́ta yìí di púpọ̀ síra wọn, yóò fún yín ní 0.1356. Ẹ wá ro ó mọ́ èyí tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́: 0.6451. Ẹ tẹ cos⁻¹ lé e lórí, ó di dígírì 49.83. Ìwọ̀n igun tó wà láàárín ìlú méjèèjì nìyẹn, bí ẹni pé ẹ dúró sí àárín gbùngbùn ayé tí ẹ ń wò wọ́n.

Dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé jẹ́ nǹkan bí 111.2 kìlómítà, torí pé yíyí ayé po jẹ́ nǹkan bí 40,030 kìlómítà tí a bá fi 6,371 kìlómítà ṣe ìwọ̀n àárín ayé sí ojú ilẹ̀, dígírì 360 ló sì wà níbẹ̀. Ẹ fi 49.83 sọ 111.2 di púpọ̀: 5,540 kìlómítà ni London sí New York.

Àwọn tó ń lo Excel lè kọ látítíúdù sí B1 àti B2, kí wọ́n kọ lọ́ńgítíúdù sí C1 àti C2, kí wọ́n wá lẹ èyí mọ́ ibòmíràn:

=6371*ACOS(SIN(RADIANS(B1))*SIN(RADIANS(B2))+COS(RADIANS(B1))*COS(RADIANS(B2))*COS(RADIANS(C2-C1)))

Ibi tí èèyàn ti máa ń kọsẹ̀ kò pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìṣirò lè wà lórí radian, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn igun, dípò dígírì. Ẹ wo igun ojú rẹ̀ bóyá DEG ló kọ. Èkejì ni kí èèyàn gbàgbé àmì àyọkúrò ti ìwọ̀-oòrùn tàbí gúúsù. Ọgbọ́n kan wà tí ẹ lè fi yẹ ìdáhùn wò: kò sí ibi méjì láyé yìí tó jìn síra ju nǹkan bí 20,000 kìlómítà lọ, nítorí ìdajì ayé nìyẹn. Tí tiyín bá ti kọjá 20,040, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un ṣe.

Ayé kò sì roboto tán. Ó fẹ̀ díẹ̀ ní agbedeméjì, 6,378 kìlómítà láti àárín síta, ó sì tẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, 6,357 kìlómítà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ìtẹ̀ yẹn kún un fi máa sọ pé London sí New York jẹ́ nǹkan bí 5,555 dípò 5,540. Kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé, báálù á fò ó tán ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ju ìyẹn lọ ni oríṣi máìlì. Máìlì ti títì jẹ́ 1.609 kìlómítà. Máìlì ti ojú òkun, tí àwọn awakọ̀ òfuurufú náà ń lò, jẹ́ 1.852. Orí dígírì ni wọ́n ti fa ti òkun yọ: dígírì kan jẹ́ 60 irú máìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 60 sọ 49.83 di púpọ̀, ẹ ó rí 2,990. Tí ìwé kan bá sọ pé London sí New York jẹ́ máìlì 3,440, tí ìkejì sì sọ pé ó jẹ́ 2,990, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Nọ́ńbà yìí kì í ṣe eré lásán. Òfin Yúróòpù ti 2004 lórí ẹ̀tọ́ èrò ọkọ̀ òfuurufú, EU261, fi jíjìn great circle pín owó gbà-má-bínú sí ìpele: títí dé 1,500 kìlómítà, láti ibẹ̀ dé 3,500, àti ohun tó ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá wọ báálù méjì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, láti ibi tí ẹ ti gbéra dé ibi tí ẹ parí sí ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í ro ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀nà tí báálù ń gbà gan-an

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àgàgà ọjà òfuurufú. Lórí àríwá Àtìláńtíìkì, àwọn adarí ìrìnnà òfuurufú ti Shanwick ní ìhà Yúróòpù àti ti Gander ní Kánádà ń ya ọ̀nà tuntun lójoojúmọ́, ti àwọn tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́tọ̀, ti àwọn tó ń bọ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ni wọ́n ń wò. Báálù tí ẹ wọ̀ lánàá lè gba ẹ̀gbẹ́ Iceland, kí tòní gba ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìdí mìíràn ni ẹ́ńjìnnì. Báálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì kò gbọ́dọ̀ jìnnà jù sí pápákọ̀ tó lè sá balẹ̀ sí bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú. Nígbà kan, ìṣẹ́jú 60 ni ààlà rẹ̀. Ní 1985 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 120 láyè, ní 1988 ó di 180. Lónìí, Airbus A350 lè gba àṣẹ tó tó ìṣẹ́jú 370. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé báálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ń la òkun ńlá kọjá tààrà ní ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin nìkan ló ń gbà á láyé àtijọ́.

Èyí tó ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá jù ni òṣèlú. Láti Oṣù Kejì 2022 tí Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ti òfuurufú wọn mọ́ ara wọn, Finnair, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Finland, kò lè gba orí Siberia ní Rọ́ṣíà mọ́. Helsinki àti Tokyo kò sún síwájú, wọn kò sún sẹ́yìn. Nǹkan bí 7,800 kìlómítà náà ló ṣì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò tí ń gba bíi wákàtí mẹ́sàn-án àtààbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di bíi wákàtí mẹ́tàlá. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé great circle nìkan á fi ju wákàtí mẹ́ta lọ ṣìṣe.

Níbi tí kò bá sí irú ìdènà bẹ́ẹ̀, èmi máa ń fi ìdá 3 nínú 100 lé jíjìn tí mo bá ṣírò. 5,540 á wá di nǹkan bí 5,700.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìyára àti afẹ́fẹ́

Àwọn báálù ńlá tó ń rin ọ̀nà jíjìn, bíi Boeing 787 àti A350, ń sáré ní nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìyára ohùn, èyí tí wọ́n ń kọ ní Mach 0.85. Ní gíga 11 kìlómítà, níbi tí òtútù ti tó dígírì 56 sísàlẹ̀ òdo, ohùn ń rìn ní nǹkan bí 1,062 kìlómítà ní wákàtí kan, torí náà báálù wọ̀nyẹn ń sá nǹkan bí 900. Boeing 737 àti A320 rọra díẹ̀, Mach 0.78 tàbí bẹ́ẹ̀, ìyẹn bíi 830. ATR 72 tó ń lo abẹ̀bẹ̀ kò ju bíi 500 lọ. Torí náà ẹ wo irú báálù tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ìyára nínú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń rìn, ó sì ń gbé báálù lọ bí odò ṣe ń gbé ọkọ̀ ojú omi. Lókè níbẹ̀, ìṣàn afẹ́fẹ́ líle kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó sábà máa ń kọjá 160 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà òtútù ó sì máa ń le gan-an. Wasaburo Oishi, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Jàpáánì, ti fi bàlúùnù wọn afẹ́fẹ́ yìí ní àwọn ọdún 1920. Èdè Esperanto ló fi kọ àbájáde rẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi sí ìṣirò wa. Láìsí afẹ́fẹ́, 5,700 tí a fi 900 pín jẹ́ wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 20. Ká ní afẹ́fẹ́ 100 ń kọjú sí báálù tó ń lọ sí New York: ìyára rẹ̀ lórí ilẹ̀ á jẹ́ 800, wákàtí méje àti ìṣẹ́jú méje sì nìyẹn. Tó bá ń bọ̀ wá sí London, afẹ́fẹ́ kan náà á máa tì í lẹ́yìn, ìyára á di 1,000, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 42. Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀: àlọ àti àbọ̀ pọ̀ ju èyí tí kò sí afẹ́fẹ́ lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ohun tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ní àlọ, kì í san gbogbo rẹ̀ pa dà ní àbọ̀, torí pé ó pẹ́ lára yín nígbà tó ń dènà ju ìgbà tó ń ràn yín lọ́wọ́ lọ.

Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe bí ẹni tó ya wèrè. Ní Oṣù Kejì 2020, ìjì Ciara ti Boeing 747 British Airways kan láti New York dé London ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56. Kò sí báálù èrò mìíràn tó yára tó bẹ́ẹ̀ lọ́nà yẹn àfi Concorde, báálù tó ń yára ju ohùn lọ, tó fi wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 52 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59 rìn ín ní 7 Oṣù Kejì 1996, tí wọ́n sì gbé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2003.

Lórí wákàtí tí ẹ bá rí, ẹ fi bíi ìṣẹ́jú 20 kún un fún gígùnkè àti sísọ̀kalẹ̀, nítorí báálù kì í sá 900 nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì

Àkókò tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń kọ kì í ṣe ti òfuurufú nìkan. Block time ni: láti ìgbà tí báálù bá kúrò ní geètì títí dìgbà tó bá dúró ní geètì ibi tó ń lọ. Rírìn lórí ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni títò sórí ìlà kí ó tó kan yín láti gbéra. Ní pápákọ̀ ńlá, ẹ ka ìṣẹ́jú 30 fún ìyẹn lápapọ̀. London sí New York á wá di nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Àbọ̀ á di mẹ́fà àtààbọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi méje ni ẹ ó sábà rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Níbo ni ìdajì wákàtí yẹn ti wá? Wọ́n fi kún un ni. Tí báálù bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ṣì lè sọ pé ó dé lásìkò. Ní Amẹ́ríkà, báálù tó bá dé geètì kí ìṣẹ́jú 15 tó pé lẹ́yìn àkókò rẹ̀ ni ìjọba ń kà sí èyí tí kò pẹ́. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi máa ń fayọ̀ kéde pé a ti tètè dé, tí èrò á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìṣirò ló dé, kì í ṣe eré.

Ọ̀nà kúkúrú ni nǹkan yìí ti ń hàn jù. Heathrow sí Charles de Gaulle ní Paris jẹ́ bíi 350 kìlómítà. Tí ẹ bá fi 800 pín in, kò tó ìdajì wákàtí, síbẹ̀ ó máa ń lé ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ìṣirò ọ̀nà jíjìn ṣe ti ọ̀nà kúkúrú. Èyí tó kúrú jù láyé ni ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Loganair láàárín Westray àti Papa Westray ní erékùṣù Orkney ní Scotland: 2.7 kìlómítà, ìṣẹ́jú méjì ni ìwé sọ, ìgbà kan sì wà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá 53 parí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tú aago

Gbogbo àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìlú tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ti ìgbéra jẹ́ aago ibi tí ẹ ti ń lọ, ti bíbalẹ̀ jẹ́ aago ibi tí ẹ ń dé. Ẹ má ṣe yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Ẹ kọ́kọ́ sọ méjèèjì di UTC, aago kan tí gbogbo ayé fi ń wọn tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí báálù Tokyo wa. Aago Tokyo fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣáájú UTC, torí náà 17:00 níbẹ̀ jẹ́ 08:00 UTC. Ní oṣù Kejìlá, aago Los Angeles fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn UTC, torí náà 10:00 níbẹ̀ jẹ́ 18:00 UTC. Láti 08:00 dé 18:00 jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Idán ti tú. Àbọ̀ ni ọjọ́ ti máa ń sọnù: tí ẹ bá gbéra ní Los Angeles ní 11:00 Ọjọ́ Ajé, tí ẹ sì lo wákàtí méjìlá, 16:00 Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ó dé Tokyo. Àmì +1 kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò bíbalẹ̀ ló ń sọ ìyẹn. Ó kéré lójú, àmọ́ òun ni ẹ gbọ́dọ̀ wò kí ẹ tó san owó ilé ìtura.

Aago kì í sì í fi wákàtí odindi yàtọ̀ nígbà gbogbo. Íńdíà fi wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ ṣáájú UTC, Nepal fi márùn-ún àti ìṣẹ́jú 45. Ṣáínà fẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, síbẹ̀ aago kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń lò.

Ibi tó ti máa ń mú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá ni oṣù Kẹta. Amẹ́ríkà ń sún aago síwájú ní Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù náà. Bìrìtìkó àti Yúróòpù ń dúró dé Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn, wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín London àti New York dípò márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá. Tí ìrìn-àjò yín bá bọ́ sí àkókò yìí, ẹ yẹ aago ìlú méjèèjì wò fún ọjọ́ yẹn gan-an.

Ìgbésẹ̀ keje: láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Èyí ni èyí tó kàn yín jù, òun náà sì ni ẹ̀rọ kankan kì í sọ fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: láti ilé dé pápákọ̀, wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra tó bá jẹ́ ìrìn-àjò òkè òkun, méjì tó bá jẹ́ ti abẹ́lé, block time, wákàtí kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwé ìrìnnà àti ẹrù, láti pápákọ̀ wọ ìlú. London sí New York tí a pè ní mẹ́jọ á di bíi wákàtí mẹ́rìnlá. London sí Paris tí a pè ní wákàtí kan ó lé á di bíi méje, nígbà tí rélùwéè Eurostar ń rìn ín láti àárín ìlú dé àárín ìlú ní wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà tí kò bá tó 500 kìlómítà, tí rélùwéè tó yára sì wà níbẹ̀, báálù kò yá jù ú lọ.

Tí ẹ bá máa wọ báálù méjì, ẹ wo bóyá ibi ìdúró náà wà lójú ọ̀nà. London sí Sydney ti Ọsirélíà jẹ́ bíi 17,000 kìlómítà. Tí ẹ bá gba Singapore, ó jẹ́ 10,900 pẹ̀lú 6,300, ìyẹn 17,200: ẹ kò tíì yà kúrò lọ́nà. Tí ẹ bá gba Los Angeles, 8,800 pẹ̀lú 12,000 ni, ó ti di 20,800. Wákàtí mẹ́rin ó lé lẹ fi ṣòfò lójú òfuurufú kí ẹ tó ka ìdúró.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń lò tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Non-stop túmọ̀ sí pé báálù kò ní balẹ̀ lọ́nà. Direct túmọ̀ sí pé nọ́ńbà báálù kò ní yí pa dà; ó lè balẹ̀, kó gbé èrò mìíràn, kó tún gbéra.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣirò yìí, ẹ fi nọ́ńbà báálù yín wá a lórí ìkànnì Flightradar24 tàbí FlightAware, ẹ wo bó ṣe rìn ní ọjọ́ méje tó kọjá: ìgbà tó kúrò ní geètì, ìgbà tó dé. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin nínú méje ló fi ìṣẹ́jú 40 pẹ́, tí wọ́n sì fún yín ní wákàtí kan ààbọ̀ láti wọ báálù kejì, èyí tó kù fún yín jẹ́ ìṣẹ́jú 50, geètì sì máa ń tì ní bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 ṣáájú ìgbéra. Ẹ mú báálù kejì tó tẹ̀ lé ìyẹn.